Mọ́tò Tí Tàíbátù Mọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Tàíbátù, ọmọ Àlàmú onítakisí, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀; ó háyà igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Lagos Town, ní Accra. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu di òní. Mọ́tò ló ń mọ. Kì í ṣe irin, kì í ṣe amọ̀ o, inú kọ̀ǹpútà ni. Á gbé àpótí kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ sójú kọ̀ǹpútà, á fà á gùn, á tẹ̀ ẹ́ wọlé níbí, á gbé e sókè lọ́hùn-ún, títí á fi di mọ́tò. O lè yí i po, o lè wo òrùlé rẹ̀, o lè yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bí àwọn fítà tó ń tún mọ́tò ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é lójú mi, mo bi í bóyá ó ní àlùjànnú tó ń ràn án lọ́wọ́. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdajì mọ́tò ló máa ń mọ. Tó bá ti parí ẹ̀gbẹ́ kan, á pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà mú ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, bí dígí ṣe ń gbé ojú ẹni jáde. Ó ní gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń dín wàhálà kù.

Ní ọdún 2019, lọ́yà obìnrin kan gbé iṣẹ́ wá. Takisí kan ló gbá kayayó kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń fi orí ru ẹrù ní ọjà Makola, awakọ̀ náà kò sì dúró. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kan ká a bó ṣe ń sá lọ, ṣùgbọ́n fọ́tò náà ṣókùnkùn, nọ́ńbà mọ́tò kò ṣeé kà, irú mọ́tò náà sì kún títì. Lọ́yà fẹ́ kí Tàíbátù mọ takisí náà bó ṣe wà gan-an, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ ẹni tó ni ín.

Ó mọ ọ́n. Ó kun igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ ọsàn bí ti gbogbo takisí Accra, ó fi ránṣẹ́. Lọ́yà dá a padà. Ó ní fìtílà iwájú méjèèjì kò bára mu nínú fọ́tò, kí ló dé tí wọ́n fi wá bára mu níbí. Èmi gan-an bú Tàíbátù. Takisí wo ló dàgbà ní Accra yìí tí ọ̀tún rẹ̀ ṣì bá òsì mu? Ọmọ tí wọ́n fi owó takisí tọ́ ló wá gbàgbé ìyẹn.

Ó pa ọ̀rọ̀ dígí tì, ó fa fọ́tò náà tóbi níbi tí iná ṣọ́ọ̀bù tàn sí fìtílà ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n lọ́tọ̀. Ti mọ́tò mìíràn ni wọ́n há síbẹ̀. Ó kéré fún ihò rẹ̀, wọ́n wá gé rọ́bà táyà dí àyè tó kù, wọ́n fi wáyà so ó. Bó ṣe mọ wáyà náà tán ló ká ọwọ́ kúrò.

“Àǹtí Àsmá'ù,” ó ní, “mọ́tò bàbá mi nìyí. Èmi ni mo bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú lọ́jọ́ tí wọ́n so wáyà yẹn.”

Mo jókòó sórí páálí bébà. Àlàmú tí gbogbo wa mọ̀, tó ń gbé àwọn arúgbó lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀? Lóòótọ́, ó ti ta takisí náà ṣáájú ààwẹ̀, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ó ní ojú ń dun òun, a sì bá a kẹ́dùn. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó fara balẹ̀, irú fìtílà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà nílùú yìí. Irọ́ ni mo ń pa, mo sì mọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí òun máa ṣe, torí lọ́yà ń retí iṣẹ́ náà kí oòrùn tó wọ̀.

Àfi bí Àlàmú fúnra rẹ̀ ṣe wọlé, ó gbé wáakyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, tí wọ́n fi ewé dì dání fún ọmọ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe lọ́sàn-án.

“Àsmá'ù, ẹ kú iṣẹ́ o. Táíbà, wá jẹun, ó ṣì gbóná paa.” Ó wá rí ojú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn. “Mọ́tò mi nìyí kẹ̀. Ta ló kọ́ ẹ ní...”

Ó ti rí ibi tí iwájú mọ́tò náà ti tẹ̀ wọlé, torí Tàíbátù mọ ibẹ̀ náà bó ṣe wà nínú fọ́tò. Wáakyé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀, kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni.

“Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?” ó bi ọmọ rẹ̀. “Ṣé ó ti lè rìn?”

Kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọbìnrin kankan fún un.

“Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, Bàbá,” ni Tàíbátù dáhùn. “Lọ́yà rẹ̀ ló ní kí n mọ mọ́tò náà. Kí ni kí n ṣe?”

Mo rò pé Àlàmú á bẹ̀ ẹ́ kó pa mọ́tò náà rẹ́. Mo rò pé á sá jáde. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi ìka kan fìtílà ọ̀tún.

“Ó wálẹ̀ ju báyìí lọ,” ó ní. “Tún un ṣe, kí o tó fi ránṣẹ́ sí wọn.”