Ẹni Tó Ń Gba Inú Sáfà Wọn Ránṣẹ́

Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ni Màdáámù Yéjídé ti pe Toheebat lólè. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fúláwà ẹ̀gẹ́ ni wọ́n jọ wà ní Ìlaròó. Màdáámù ló ni ín. Toheebat ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ímeèlì wọn ń gbà kọjá. Àwọn oníbàárà wọn ní Kútọnu kò rí lẹ́tà gbà mọ́, torí pé ẹnì kan ń gba inú sáfà náà da ìpolówó sórí àwọn tí kò bèèrè rẹ̀, àwọn sáfà ibòmíràn sì ti ka tiwọn mọ́ ti gbájúẹ̀. Màdáámù ní Ọládọ̀tun ti ṣàlàyé fún òun: Toheebat ló ń ta ọ̀nà náà fún àwọn ará ìta.

Ọ̀rọ̀ náà ká Toheebat lára gan-an. Ọládọ̀tun ló wà nídìí sáfà yìí tẹ́lẹ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Ayétòrò. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é.

Kò sunkún. Ó pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù, ìpolówó ò dúró. Ó jókòó sílé, ó fi fóònù dán an wò bóyá sáfà á bá àlejò tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù jíṣẹ́, sáfà kọ̀. A jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ayé ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. Nígbà tó tú ètò inú rẹ̀ wò fínnífínní, ó rí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún pé kó máa wọlé láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni gbogbo ìpolówó náà ti ń wá.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, ó ní òun wá kí ẹ̀gbọ́n. Ọládọ̀tun fún un ní mínírà, ó tún fún un ní wáí-fáì. Toheebat wo àdírẹ́sì tó yọ lójú fóònù rẹ̀. Èyí tó rí nínú sáfà gan-an ni. Ó mu mínírà náà tán, ó dúpẹ́.

Kò ti ilẹ̀kùn náà o. Ó kàn tún sáfà tò kó máa gba ohun gbogbo tí Ọládọ̀tun bá rán bí ẹni pé ó ti lọ, kó sì dá a dúró síbẹ̀. Onílé ìtura kan ní Ìpókíà ṣílé tuntun, ẹnikẹ́ni ò wá, torí ìpolówó tó sanwó fún Ọládọ̀tun pé kó bá òun rán kò dé ibì kankan. Òun àtàwọn oníbàárà Ọládọ̀tun yòókù lọ ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àánú onílé ìtura yẹn ṣe Toheebat díẹ̀. Ní ti ohun tó bá Ọládọ̀tun, ńṣe ni inú Toheebat ń dùn ṣìnkìn.

Ọ̀fíìsì Màdáámù ni Toheebat wà nígbà tí Ọládọ̀tun pè é. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Àbúrò mi, kí ló ṣe sáfà yín? Kò gbé nǹkan jáde mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

Ọládọ̀tun gé ìpè náà. Màdáámù ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, Màdáámù fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Toheebat ò gbà. "Níwájú gbogbo èèyàn lẹ ti pè mí lólè, Mà. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé mi ò jalè." Bẹ́ẹ̀ náà ni Màdáámù ṣe.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó Ọládọ̀tun, wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Toheebat fún un níjòókòó, ó fún un lómi, ó ní ọwọ́ Màdáámù lọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀, Màdáámù ti sọ fún Toheebat láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ohun tó bá wù ú ni káwọn ṣe.