Ìṣirò Ìyá Ọkọ Mi

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń mú kí eegun máa ro ọmọbìnrin wa, àkọ́bí wa. Dókítà ló ń fún un lóògùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn ní Òkè-Fìà, tó lọ kàwé kún ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jókòó ti òbí, kó sì ṣàlàyé. Obìnrin náà kì í kánjú. Inú a máa bí mi sí i nígbà mìíràn, torí bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ náà ń dàrú mọ́ mi lójú.

Mo ti lóyún kejì lọ́jọ́ tó wá sílé wa ní Dàda Estate. Ìyá ọkọ mi ti Ọ̀tan-Ilé dé, ó ń ṣa gbànja nínú agbọ̀n. Nọ́ọ̀sì mú gbànja méjì, ó pa wọ́n. Ó ní ká gbà pé nínú obì kọ̀ọ̀kan, awẹ́ kan dára, kòkòrò wà nínú ìkejì. Bí èmi ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ mi. Ọmọ á mú awẹ́ kan lọ́dọ̀ mi, á mú kan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Tó bá ṣe kòńgẹ́ kòkòrò níhà méjèèjì, àìsàn dé nìyẹn. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn awẹ́ náà lè gbà pàdé, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni àìsàn.

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi. Ẹni tó ń ṣa obì, tó bá ti rí oníkòkòrò, ṣe ló ń yọ ọ́ kúrò kó má baà ran àwọn yòókù. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ti jáde. Mẹ́ta ló kù, kò sí ìyọnu mọ́ nínú ulé ọmọ mi."

Ọmọ tí à ń wí jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi èèpo obì ṣeré. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú.

Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá o, Màmá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àìsàn ẹ̀gbọ́n kò gba àbúrò sílẹ̀."

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbà gbọ́. Tí a bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́rin, ibo lọ̀kan tún ti ń bọ̀? Mo bi ọkọ mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun jẹun.

Mo bí ọkùnrin. Nígbà tó dàgbà tó láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èmi àti ìyá ọkọ mi gbé e lọ sí Òkè-Fìà. Nọ́ọ̀sì ní awẹ́ oníkòkòrò kan ṣoṣo ló gbà, bíi tèmi, kò ní ṣàìsàn. Mo sunkún. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

"Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí? Fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi. Ó ku méjì."

Nọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ látòkè. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nǹkan oṣù mi kò wá lóṣù náà, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.