Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Tó Kù

Nígbà tí mo gé okùn náà, tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, àyà mi já. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Iyùn kì í lọ́wọ́ọ́wọ́. Títutù ló máa ń tutù bí omi àmù. Mo gbé òmíràn kàn án, mo tún gbé òmíràn. Rọ́bà ni gbogbo wọn.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sísín ni mò ń ṣe l'Ọjà'ba láti ìgbà ọmọge mi, ìyá mi ló sì kọ́ mi. Láyé ìyá mi, bí ọkùnrin kan bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó, o ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wàá wo ọrùn rẹ̀ àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wàá sì mọ̀ bóyá kó o kúnlẹ̀ tàbí kó o kí i lóòró. Lónìí, ọkọ ìyàwó tí onílé ń lé kiri náà ń kó ìlẹ̀kẹ̀ ọba sọ́rùn, rọ́bà tó ń dán ju ojúlówó lọ. Mo ń sín in fún wọn. Kí ni màá jẹ?

Ṣùgbọ́n okùn ti ọjọ́ yìí, èmi àti ìyá mi la jọ sín in nígbà tí ẹni tó ni ín wà láyé. Opó rẹ̀ ló gbé e wá, ìyá àgbà kan láti Ọ̀rányàn tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ́gàjí, olórí agbo ilé. Nílé wọn, bí baálé bá kú, opó rẹ̀ á yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan pamọ́ nínú iyùn rẹ̀, kí okùn náà má baà pé lọ́rùn ẹnikẹ́ni títí àrólé á fi joyè. Ìyá tú etí ìró wọn, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n yọ pamọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó tutù.

"Bá mi fi í sáàárín," wọ́n ní. "Kí n rí i kó pé kí n tó lọ."

Mo ní mò ń lọ mú okùn. Ọmọ wọn tó fi mọ́tò gbé wọn wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ bá a.

"Mọ́gàjí, iyùn bàbá yín dà?"

Ó wolẹ̀. "Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Ìyá lọ́jọ́sí ló gbé e lọ, ni mo bá fi rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́."

Mi ò lè bú u. Ẹni tó ta iyùn kí ìyá rẹ̀ má baà kú, kí ni mo fẹ́ wí fún un? Ayé kàn sú mi ni. Mo padà jókòó, mo ń sín rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ìyá náà, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, kókó kan lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé àárín, mo fi ojúlówó kan ṣoṣo náà há wọn láàárín.

Ìyá gba okùn náà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ́ ọ lọ.

"Ó ti pé, àbí?"

Mo ní, "Ó ti pé, Ìyá."

Wọ́n pe ọmọ wọn wọlé, wọ́n fi í sí i lọ́rùn, wọ́n sì ń kí i ní oríkì bàbá rẹ̀. Ó tẹrí ba fún wọn, kò sì lè gbé e sókè mọ́.