Igi Máńgòrò Apá Òsì

Ohun tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni bóyá igi máńgòrò kan wà níwájú ilé Màmá Tíṣà, ní Ìyìn-Èkìtì, lọ́jọ́ tí mo lọ ya ilé náà. Mo rántí oòrùn. Mo rántí pẹ́ńsùlù tí eyín mi ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Igi ni n kò rántí dáadáa, igi náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ọdún tí mo fẹ́ gboyè ní yunifásítì l'Ádó ni. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí òyìnbó ayàwòrán kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó ń gbé ìwé àti pẹ́ńsùlù kiri ilẹ̀ àjèjì, tó ń ya ohun tó bá rí. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ibi tó dé tí igi ńlá kan kì í hù sí apá òsì àwòrán rẹ̀, ìbáà ṣe etí òkun, ìbáà ṣe aṣálẹ̀. Odidi orí ìwé kan ni mo fi pè é ní òpùrọ́. "Ìròyìn kò tó àfojúbà," mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí èmi náà rìnrìn àjò, kí n ya ilé kan bí ojú mi bá ṣe rí i gan-an. Ilẹ̀ àjèjì tí apá mi ká ni Ìyìn.

N kò tíì fa ilà mẹ́ta tí màmá onílé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi jáde tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìjọba ló ní kí o wá wọn ulé mi?"

"Rárá o, mà. Àwòrán ni mò ń yà."

"Ṣé ulé ti tán l'Ádó ni?" Wọ́n gba ìwé náà wò. "Ògiri mi kò wọ́ báyìí. Pa á rẹ́, kí o tún un fà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́ kí wọ́n tó fún mi ní máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá, tí wọ́n sì ní kí n mú ẹ̀dà tiwọn wá. Yàrá mi ní Adébáyọ̀, l'Ádó, ni mo ti parí méjèèjì, tèmi àti tiwọn, mo sì fi tiwọn rán awakọ̀ kan sí wọn.

Nígbà tí olùkọ́ mi rí àwòrán náà, ó fi ìka kan apá òsì. "Igi yìí ńkọ́? O rí i ni, àbí òyìnbó rẹ ló yá ọ?"

Bí mo bá ní n kò rí i, gbogbo èébú tí mo bu òyìnbó di tèmi, iṣẹ́ ọdún kan sì wọmi.

"Mo rí i, sà."

Lóòótọ́, n kò mọ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tèmi kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ará ilé, iwájú orí mi ló bà. Mo gboyè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni n kò fi tọ ọ̀nà Ìyìn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi gba ibẹ̀. Igi máńgòrò gìrìwò, ní apá òsì gẹ́lẹ́! Díẹ̀ ló kù kí n jó lórí ọ̀kadà. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí ará ilé. Ọmọbìnrin Màmá ló jáde. Mo ní èmi ni mo ya ilé wọn nígbà kan, mo sì yin igi wọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àǹtí ayàwòrán nìyí! Kò sí igi kankan níbẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí àwòrán yín dé ni Màmá gbìn ín. Mo ní ká kúkú pa igi inú àwòrán rẹ́. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ọmọ yẹn kò purọ́, ó kàn tètè dé ni."