Firmin Tó Mọ Ẹ̀yìnkùlé Ìlú Ju Ojúde Rẹ̀ Lọ

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ Firmin yìí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ àwọn àlejò lórí omi tó la àárín ìlú Brugge kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé rẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, ó di èbúté tààrà. Bí iṣẹ́ bá parí, kẹ̀kẹ́ náà ló tún kàn, ó di ilé. Kò ní yà síbi kankan. Àwàdà kan ṣoṣo ló ní, èdè mẹ́rin ló fi ń pa á, ẹ̀rín sì ń jáde ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yìn ríro ló dá a lẹ́kun. Dókítà ní ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láti àárọ̀ dalẹ́ yẹn tó gẹ́ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kò burú, láti ọjọ́ Ajé kí Firmin máa fi ẹsẹ̀ mú àlejò rìn nígboro. Òun fúnra òun á tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá dáa, kí Firmin lọ sinmi nílé. Ta ni kó lọ sinmi? Ẹni tí ọ̀sán Sọ́ńdè kan péré máa ń gùn lójú rẹ̀ bí ọdún.

Godelieve, ìyàwó rẹ̀ tó ń dáná fáwọn ọmọ iléèwé, tí òun ń pè ní Lieve, ló dá àbá pé kó kọ́kọ́ fi òun dánra wò. Láàárọ̀ Sátidé, ó dé àkẹtẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ àyà, ó sì fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn.

"Èmi kọ́ ni ìyàwó ẹ lónìí. Àlejò ni mí. Ó yá, mú mi rìn."

"Lieve, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Ta ní ń jẹ́ Lieve? Ẹ̀yin amọ̀nà ìlú yìí, ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí àlejò ni?"

Wọ́n dúró ní gbàgede ọjà, lábẹ́ ilé gogoro tí agogo wà nínú rẹ̀. Firmin wú ikọ́. "Ẹ káàbọ̀ sínú ọkọ̀ mi."

"Ọkọ̀ dà, ọ̀gá? Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí níbi tí mo dúró sí."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Lọ́wọ́ òsì yín, ilé àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń ṣòwò aṣọ láyé àtijọ́." Lórí omi, òsì ni lóòótọ́. Níbi tí wọ́n dúró sí yìí, ìsọ̀ pòtétò díndín ló wà lósì.

"Ó ṣe o," ni Godelieve wí. "Àwọn ọlọ́rọ̀ ti wá ń din pòtétò."

Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ àtẹ̀gbà kan, ọ̀nà òkè tó so ilé méjì pọ̀, ẹnu Firmin yára ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. "Ẹ tẹrí ba, gbogbo yín," bó ṣe máa ń wí lábẹ́ àwọn afárá tó rẹlẹ̀. Godelieve tẹrí ba. Bàbá arúgbó kan tó ń fa ajá lọ náà tẹrí ba. Bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́ṣin lórí ẹṣin lè gba abẹ́ àtẹ̀gbà yẹn kọjá láìtẹrí ba.

"Kí ló ń já bọ̀?" ni bàbá náà bi í.

Godelieve di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rín parí níwájú ilé gíga kan tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. "Ilé ta nìyí, ọ̀gá amọ̀nà?"

Firmin wò ó sókè, ó wò ó sódò. "Mi ò mọ̀."

"Ìwọ tó o ń kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí. Mi ò rí iwájú rẹ̀ rí láyé mi."

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ti Firmin le jù bẹ́ẹ̀ lọ, onílùú ni. Ó jókòó sórí òkúta. "N ó lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé, n ó ní mi ò lè ṣe é. Kí n tètè mọ àga tí n ó máa jókòó sí nílé."

Godelieve ṣí àkẹtẹ̀ kúrò lórí, ó di ìyàwó padà. "Firmin, fi èyí tó yẹ kó o mọ̀ sílẹ̀. Kí lo mọ̀?"

Firmin dìde lórí òkúta. Ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ gba kọ̀rọ̀ kan, ó di orí afárá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé yẹn gan-an.

"Wo ilà dúdú tó wà lára ògiri yẹn. Ibẹ̀ lomi máa ń gùn dé nígbà òtútù. Ilẹ̀kùn kúkúrú yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé àgbá ọtí wọlé láti inú ọkọ̀. Fèrèsé òkè yẹn, ìyá kan ń gbé níbẹ̀, okùn ló fi ń sọ búrẹ́dì kalẹ̀ fáwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn. Bó bá pẹ́, wọ́n á máa bú u. Àwọn ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá síbẹ̀ yẹn, ti àlùfáà ni. Ọ̀kan kì í bá ìkejì rẹ̀ mu láéláé."

Godelieve fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara afárá. "Kí ló dé tí wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé yẹn?"

"Àwa ọlọ́kọ̀ máa ń sọ pé onílé náà bá aládùúgbò rẹ̀ jà, kò sì fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá irọ́ ni."

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, o ò sọ èyí fún mi rí."

"O ò wọ ọkọ̀ mi rí."

Ìgbà tí wọ́n yíjú padà, èèyàn mẹ́fà ti dúró tì wọ́n, wọ́n ń na ọrùn wo ìbọ̀sẹ̀ àlùfáà. Obìnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá a lọ." Firmin wo Godelieve. Godelieve gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ dé orí, ó ní, "Ọ̀gá amọ̀nà, wọ́n ní kí ẹ máa bá a lọ." Bí wọ́n ṣe ń lọ láti afárá dé afárá nìyẹn o, wọ́n ń wo gbogbo ìlú láti ẹ̀yìnkùlé, títí ebi fi dá wọn dúró.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá káwọ́ gbera, ó ń tẹ̀lé Firmin àtàwọn àlejò bọ̀. Ní afárá kìíní, ó káwọ́ gbera. Ní ìkejì, bákan náà. Ní ìkẹta, ó tú ọwọ́ ká, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ti àwọn àlejò díẹ̀ kí òun náà lè ríran. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Ẹgbẹ́ àlejò méjì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Má pẹ́ o."

Bí ẹsẹ̀ yín bá dé Brugge, ẹ má dúró síbi ilẹ̀kùn. Ẹ wá afárá kékeré kan, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, kí ẹ fi ojú ara yín wo ẹ̀yìnkùlé ìlú.