Màmá Jẹ́jẹ́ Kò Fọwọ́ sí I

Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá Jẹ́jẹ́ fi wa ọkọ̀ tó ń kó ẹyin kó tó di awakọ̀ àńbúláǹsì, ọwọ́ jẹ́jẹ́ kan náà ló sì fi wa méjèèjì. Ní ibùdó wọn, orí pátákó ni wọ́n ń kọ ìṣẹ́jú tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan lò sí. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ìjì ló máa ń wà lókè, ti màmá a wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Màmá, ṣé ẹyin ṣì wà lẹ́yìn ni?" ni Ìjì máa ń bi í.

"Ó wà ńbẹ̀, kò sì tíì fọ́."

Ọ̀gá wọn wá ní kí màmá fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa sáré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà lọ́jọ́ Ẹtì.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i, ọ̀gá. Èèyàn ni mò ń gbé."

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, Ìjì gun orí ọkọ̀ rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, ó yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ọ̀gá ní kí awakọ̀ tó yára jù lẹ́yìn Ìjì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Rárá o!" Ìjì figbe ta. "Ẹ jẹ́ kí Màmá gbé mi!"

"Ṣé kí n sáré?" ni màmá bi í.

"Ẹ má sáré o, ẹ dákun!"

Màmá dá ìwé náà padà fún ọ̀gá láìfọwọ́ sí i, ó sì jókòó sídìí ọkọ̀ láti gbé Ìjì lọ.

"Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró dè mí. Mi ò ní tètè dé."