Irin Tó Kù Sínú Itan Mi

Oko wa ní Gbaffo, ní ilẹ̀ Dàhòmì, ni mo ti ń kọ ebè iṣu láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fura pé nǹkan ò lọ déédéé lára mi. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti dẹ̀, ọkọ́ sì ń wọlé dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ́ erùpẹ̀ jọ, mo nàró, ni mo bá rí i pé itan mi ọ̀tún ń gbóná láti inú. Kì í ṣe ìrora. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbé òkúta tó ti pẹ́ nínú oòrùn sáàárín ẹran ara mi. Mo fọwọ́ kan awọ rẹ̀, ó tutù bíi ti ẹsẹ̀ kejì. Mo dúró, mo ń wo àwọn òkè Dassa lókèèrè, mo sì sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Mo parí ebè ọjọ́ náà.

Ọdún 1969 la wà nígbà náà. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti dé láti Nàìjíríà, níbi tí ogun abẹ́lé ṣì ti ń jà. Ìbàdàn ni mo lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń wá ọmọ ogun, èmi àti Jímọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a jọ ń po sìmẹ́ńtì, lọ fi orúkọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá Dàhòmì ni mo ti wá. Yorùbá tí mò ń sọ tó wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé pẹ̀lú àpá gígùn ní itan, mo sọ fún ìyá mi àti Fẹlísítè ìyàwó mi pé alásè ni mo jẹ́ fún àwọn sójà, pé ọkọ̀ tó ń kó ìkòkò wa ló dojú dé. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi máa wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ẹni tó ti pààyàn nígbà tí mo bá ń jẹun.

Ooru inú itan náà ò lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹsẹ̀ wú, ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ àpá náà sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ihò kékeré kan là níbẹ̀, tí ọyún ń gba ibẹ̀ jáde. Ìrora rẹ̀ kò jọ ti ojú egbò. Ojú egbò máa ń ta ni. Èyí ń jẹni bí eyín tó ti kẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọwọ́ ò lè dé. Mo ń fi àkísà dì í, mo sì ń fọ àkísà náà fúnra mi. Ọkùnrin tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ á mọ̀.

"Bàbá Odílì," ni Fẹlísítè wí, "òórùn wo ni mò ń gbọ́ yìí?"

Mo ní egbò kékeré kan ni.

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó wò ó. Ó wọlé, ó mú ìborùn rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Ní ilé ìtọ́jú tó wà ní ìlú Dassa, a jókòó sórí àga gígùn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Sístà ìjọ Àgùdà kan ló ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Másẹ̀ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe sístà. Ọmọ Kétu ni, a gbọ́ra wa yé.

"Kí ló ṣe ibí yìí tẹ́lẹ̀?" ó bi mí.

"Ọkọ̀ ló dojú dé, Másẹ̀ẹ̀."

Ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ihò náà díẹ̀díẹ̀. Ó kan nǹkan líle, mo sì gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ara mi. Ó yọ irin náà, ó wojú mi.

"Bí o bá ní ọkọ̀ ni, àìsàn ọkọ̀ ni mo máa wò. Mò ń bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Fẹlísítè wà nítòsí, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè fò ó. Mo ní, "Àfọ́kù bọ́ǹbù ni. Ojú ogun ló ti bà mí."

Másẹ̀ẹ̀ kò bá mi wí. Ó ṣàlàyé pé egungun kì í ṣe igi gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń rìn nínú ẹran. Bí kòkòrò àìsàn bá wọ ibẹ̀, ó lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, kí apá kan egungun sì kú. Ara kì í gba òkú mọ́ra. Ó ń gbìyànjú láti tì í síta, ìyẹn ló ń di ọyún. Ewé àti àkísà ò lè mú un kúrò. Àfi kí dókítà là á, kó yọ èyí tó kú. Ó ní bí ó bá ti tàn jù, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ó sọ ìyẹn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì kọ ìwé tí a óò mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní gúúsù.

A fi Odílì ọmọ wa sọ́dọ̀ ìyá mi, a wọ ọkọ̀ ojú irin. Fẹlísítè ń wo ìta lójú fèrèsé títí a fi kọjá ìlú Bóhíkọ̀n. Mo ti ń múra ìdáhùn sílẹ̀ fún ìbéèrè tí mo rò pé yóò bi mí, ìyẹn iye ènìyàn tí mo pa. Ṣùgbọ́n ohun tó bi mí ni pé, "Ta ló tọ́jú yín níbẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa ń la oko ẹ̀gẹ́ kan kọjá ní ilẹ̀ Ìgbò nígbà tí bọ́ǹbù balẹ̀ sáàárín wa. Jímọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò dìde mọ́. Àwọn tó kù sá padà sẹ́yìn. Mo wọ́ra títí mo fi dé àgbàlá kan, mo sì mọ àgbàlá náà, torí pé ní ọjọ́ tó ṣáájú ni a kó iṣu ibẹ̀. Èmi náà gbé lára rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jáde, ó rí aṣọ ogun tó wà lọ́rùn mi. Ó tọ́ka sí àká rẹ̀ tó ṣófo, ó wá tọ́ka sí mi. Ó dá mi mọ̀. Ó wọlé, mo sì rò pé ó lọ pe àwọn tí yóò pa mí. Omi gbígbóná tó fi iyọ̀ sí ló gbé jáde. Ó fọ ojú egbò náà, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fi dì í. Ọjọ́ méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí àwọn ènìyàn wa tó rí mi. Mo sọ fún wọn ohun tó ṣe fún mi, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n gbé mi lọ.

"Ṣé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo dúpẹ́ ní èdè tiwa. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́."

"Ó gbọ́," ni Fẹlísítè wí. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ká a sábẹ́ itan mi kí ọkọ̀ má baà máa gbá a mọ́ pákó ìjókòó.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ya àwòrán inú ẹsẹ̀ mi, a sì dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó kàn mí. Ìdúró yẹn le ju ìrora lọ. Ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn mí ti pàdánù ẹsẹ̀ kan, mo sì ń wo bí ó ṣe ń dìde. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n bo imú mi pẹ̀lú nǹkan tó ń rùn gan-an, mo sùn. Nígbà tí mo jí, òùngbẹ ń gbẹ mí, orí ń yí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń wá ẹsẹ̀ mi kí n tó béèrè omi. Ó wà níbẹ̀.

Dókítà gbé ìgò kékeré kan wá hàn mí. Egungun dúdú kan wà nínú rẹ̀, tó rí bí èèpo ẹ̀pà, àti irin kan tí kò tó èso ẹ̀wà. Irin yẹn ni mo gbé kọjá ààlà.

Kí ẹni tí irú èyí bá ṣe má bẹ̀rù: wọn kì í rán ojú rẹ̀ pa. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ gbayawu kó lè kún láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ aṣọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, mo sì sunkún nígbà àkọ́kọ́ láìtijú. Abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì ò lóǹkà. Ọ̀sẹ̀ méje la lò. Fẹlísítè ń dáná lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn ìyàwó aláìsàn yòókù, ó kọ́ ọbẹ̀ mẹ́ta ti àwọn ará Fọ̀n, ó sì sanra díẹ̀.

Nígbà tí a dé, mo jókòó ti ìyá mi, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀rù sì bà mí. Ó ní, "Wọ́n ti gbẹ jù. Jẹ́ kí n fi òrí pa wọ́n."

Mo ti máa ń rò pé ara jẹ́ ohun tí ènìyàn ń lò, bí ọkọ́. Mo ti wá mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún mi nígbà tí èmi ń purọ́ lé e lórí, pé láti ọjọ́ oko ẹ̀gẹ́ yẹn ló ti ń ti irin náà síta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń dárúkọ Jímọ̀ nínú àdúrà. Ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ràn mi.

Ẹsẹ̀ náà kúrú díẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a lọ kí àwọn àna mi ní abúlé Kpingni. Fẹlísítè àti Odílì ti lọ níwájú tipẹ́, mi ò rí wọn mọ́ lójú ọ̀nà. Mo rọra ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ń kí àwọn tó wà lóko lọ́tùn-ún lósì. Mo dé kí iyán tó tutù.